Kí A Tó Sin Òkú Ẹranko, Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Ohun Tó Pa Á

Láàárín ọdún 2005 sí 2018, ìnàkí 56 ni àìsàn kan ṣoṣo pa ní Tacugama, ọgbà ìdáàbòbò tó wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú Freetown, ní orílẹ̀-èdè Sierra Leone tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró. Ẹranko tó ń fò láti igi dé igi lánàá yóò ṣàdédé rẹ̀ wẹ̀sì. Kò ní lè rìn tààrà mọ́, ikùn rẹ̀ yóò wú, yóò máa bì, gìrì yóò sì máa gbé e. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ṣàìsàn lójú àwọn tó ń tọ́jú wọn. Òkú ni wọ́n bá. Àwọn tó gba oògùn, tí ara wọn sì fẹ́ máa yá, padà wó lulẹ̀. Kò sí ọ̀kan tí àìsàn náà mú tó yè é. Bí oṣù Kẹta ọdún bá sì ti dé ni ikú náà máa ń pọ̀ jù.

Oṣù Kejì ọdún 2021 ni ayé tó gbọ́ orúkọ kòkòrò tí wọ́n fura sí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà kí ó tó dé ibẹ̀. Àwọn dókítà ẹranko tó wà ní Tacugama kò sùn láàárín àkókò yìí, wọn kò sì kọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Ohun tí wọn kò ní ni ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara òkú yóò gbà dé ọwọ́ ẹni tó lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé, ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, a kò gbọdọ̀ máa sin òkú ẹranko tí òfin ń dáàbò bò láìmọ ohun tó pa á. Ẹ̀rọ tó lè sọ fún wa ti wà nílé. Ohun tó kù ni kí ìjọba so igbó pọ̀ mọ́ yàrá àyẹ̀wò.

Ọdún 1995 ni Bala Amarasekaran dá Tacugama sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìnàkí tí ọdẹ ti pa ìyá wọn, tí àwọn èèyàn sì ń so mọ́lẹ̀ nínú ilé bí ajá. Ogun abẹ́lé ń jà nígbà náà, ọgbà náà sì la ogun ọ̀hún já. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìnàkí ló ń gbé ibẹ̀. Ẹni tó bá gbé 56 sí ẹ̀gbẹ́ ọgọ́rùn-ún yóò mọ̀ pé ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ẹ̀yà ìnàkí tí wọ́n jẹ́, ìyẹn ìnàkí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ni àjọ IUCN tó ń ka iye ẹ̀dá tó kù láyé fi sí ipò ewu tó ga jù lọ́dún 2016: lẹ́yìn ipò yẹn, kíkú tán nínú igbó ló kàn. Sierra Leone fúnra rẹ̀ mọ iyì wọn débi pé ó sọ ìnàkí di ẹranko orílẹ̀-èdè náà lọ́dún 2019.

Nígbà tí ikú náà kò dáwọ́ dúró, èrò pọ̀. Ṣé ewé olóró kan ni wọ́n ń jẹ nínú igbó tó yí ọgbà ká ni? Àbí fáírọ́ọ̀sì kan ló ń pa wọ́n? Lọ́dún 2016, àjọ tó so àwọn ọgbà ìdáàbòbò ìnàkí ní Áfíríkà pọ̀, PASA, ké sí Tony Goldberg, onímọ̀ àrùn ẹranko ní Yunifásítì Wisconsin ní ìlú Madison, Amẹ́ríkà. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àti ègé ẹran ara tí wọ́n ti tọ́jú sínú yìnyín ránṣẹ́, ti àwọn tó kú àti ti àwọn tí ara wọn le. Leah Owens, tó ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lábẹ́ Goldberg nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n wéra. Ó wá fáírọ́ọ̀sì, ó wá kòkòrò inú, ó wá bakitéríà. Nínú gbogbo ohun tó rí, bakitéríà kan ṣoṣo ló ya àwọn tó kú sọ́tọ̀ sí àwọn tó yè. Ó wà nínú 68 nínú 100 lára àpẹẹrẹ tí wọ́n mú lára àwọn tó ṣàìsàn. Kò sí nínú ọ̀kankan lára àwọn tí ara wọn le.

Ní abẹ́ máíkírósíkóòpù, ó ṣàjèjì. Bakitéríà tó pọ̀ jù máa ń rí gbọọrọ bí ọ̀pá tàbí roboto bí ìlẹ̀kẹ̀. Èyí ń pín ara rẹ̀ sí ìhà tó ju ẹyọ kan lọ, ó sì ń to ara rẹ̀ ní mẹ́rin mẹ́rin, onígun bí àpótí. Nínú ọpọlọ ìnàkí kan ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀. Ìrísí yìí ló tọ́ka sí ìdílé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sarcina. Ìdílé náà kì í ṣe tuntun: ọdún 1842 ni John Goodsir, ọmọ Scotland, ṣàpèjúwe ọ̀kan nínú wọn tó rí nínú ohun tí aláìsàn kan bì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti mọ Sarcina ventriculi bíi kòkòrò inú ikùn, tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lára èèyàn, tó sì máa ń mú kí ikùn ọmọ màlúù àti ọmọ àgùntàn wú títí wọn yóò fi kú.

Níbí ni ìwádìí ti lè ṣìnà. Ojú lásán, pẹ̀lú ìwé àtijọ́ lọ́wọ́, yóò ní Sarcina ventriculi nìyí, yóò sì pa fáìlì dé. Ṣùgbọ́n kòkòrò tí gbogbo ayé ti mọ̀ sí inú ikùn, kí ló wá dé inú ọpọlọ? Kí nìdí tí kò fi sí ẹni tó yè? Ohun tó dáhùn ìbéèrè yìí ni kíka jínóòmù, èyí tí í ṣe gbogbo ìlànà ìṣẹ̀dá tó wà nínú kòkòrò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Jínóòmù ni àkójọ DNA tí ohun alààyè kan gbé wá sáyé. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́, A, C, G àti T, ṣùgbọ́n lára bakitéríà, iye wọn a máa wọ mílíọ̀nù. Ẹ̀rọ kò lè kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti orí dé ìdí. Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan ya ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà ìwé ìròyìn kan náà wẹ́wẹ́, ó sì da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú àpò kan. Ẹni tó bá ní sùúrù yóò rí i pé ìparí ọ̀rọ̀ kan lórí ègé kan ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí òmíràn, yóò sì máa tò ó títí odindi ìwé ìròyìn yóò fi padà. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń to jínóòmù nìyẹn. Tó bá tò ó tán, yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn kòkòrò tí gbogbo àgbáyé ti kà sílẹ̀ ṣáájú, yóò sì sọ ẹni tó bá tan àti bí wọ́n ṣe jìn síra wọn tó.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá rárá. Àwọn ará Ìbàdàn tó gbà kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ àwọn fún iṣẹ́ HapMap wà lára àwọn tí ayé fi mọ bí àbùdá ọmọ èèyàn ṣe yàtọ̀ síra. Lọ́dún 2008, nígbà tí wọ́n fẹ́ fi han ayé pé ẹ̀rọ tuntun tó ń ka DNA kíákíá lè ka jínóòmù èèyàn lódindi, jínóòmù ọkùnrin Yorùbá kan láti Ìbàdàn ni wọ́n kà. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kan náà ló wá sọ ìmọ̀ àrùn ẹranko di ohun mìíràn lónìí.

Ohun tí jínóòmù kòkòrò Tacugama fi hàn ni pé ìbátan Sarcina ventriculi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Ó yàtọ̀ débi pé wọ́n dábàá orúkọ tirẹ̀ fún un: Sarcina troglodytae. Ó tún ní àwọn àbùdá tí ìbátan rẹ̀ kò ní, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó mú un burú. Ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì Nature Communications ló gbé àbájáde náà jáde.

Ó yẹ ká ṣọ́ra lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ìdùnnú àwárí máa ń mú kí àwọn oníròyìn sọ ju ohun tí wọ́n rí lọ. Jínóòmù máa ń sọ ẹni tó wà níbi tí ikú ti ṣẹlẹ̀. Kì í fúnra rẹ̀ dá ẹ̀bi. Láti dá ẹ̀bi fún kòkòrò lọ́nà àtijọ́, wọ́n ní láti fi í sára ẹranko tí ara rẹ̀ le, kí wọ́n sì wò ó bóyá yóò ṣe é bíi ti àkọ́kọ́. Ta ni yóò dán irú ìyẹn wò lára ìnàkí tó ń run lọ? Òfin kò gbà á, ẹ̀rí ọkàn kò sì gbà á. Nítorí náà, bí ẹranko bá ti ń run lọ, ẹ̀rí gbọ́dọ̀ ti ibòmíràn wá: kí kòkòrò wà lára òkú, kí ó má sí lára alààyè, kí ojú rí i nínú ẹran ara níbi tí àrùn ti bà á jẹ́, kí jínóòmù rẹ̀ sì ṣàlàyé bí ó ṣe lè pa. Kò sí ọ̀kan nínú ẹ̀rí wọ̀nyí tí a lè rí bí wọ́n bá ti sin òkú láìmú nǹkan kan lára rẹ̀.

Tacugama kọ́ ló dá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kọkànlá ọdún 2020, erin 35 kú ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Zimbabwe. Eyín erin wà lẹ́nu wọn, nítorí náà kì í ṣe olè ọdẹ ló pa wọ́n. Wọ́n wá májèlé, wọ́n wá anthrax, wọn kò rí i. Àpẹẹrẹ tó ṣeé yẹ̀ wò wá láti ara erin 15 péré. Mẹ́fà nínú wọn ló ní bakitéríà kan tí kò tíì ní orúkọ gidi títí di báyìí; Bisgaard taxon 45 ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni ojú ọgbẹ́ àwọn èèyàn tí kìnnìún tàbí ẹkùn bù jẹ, àti lára àwọn ẹyẹ ayékòótọ́ tí ara wọn le. Kò sí ẹni tó rò pé ó lè pa àjànàkú. Àbájáde ìwádìí náà jáde lọ́dún 2023, lẹ́yìn tí wọ́n ti ka DNA kòkòrò náà.

Ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ jù ti igbó Taï ní Côte d'Ivoire wá. Lọ́dún 2001 àti 2002, àwọn ìnàkí tó ń ṣeré lówùúrọ̀ ń kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Fabian Leendertz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé anthrax ni, wọ́n sì kéde rẹ̀ lọ́dún 2004. Anthrax tí a mọ̀ jẹ́ àrùn màlúù àti àgùntàn ní pápá gbígbẹ. Kí ló ń wá nínú igbó kìjikìji? Nígbà tí wọ́n ka jínóòmù rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Kòkòrò náà kì í ṣe Bacillus anthracis. Ìbátan rẹ̀ ni, Bacillus cereus, tó wọ́pọ̀ nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n èyí gbé àwọn ègé DNA kéékèèké tí anthrax fi ń ṣe oró àti èyí tó fi ń fara pa mọ́ fún ara. Ẹni tó bá ń fi ọ̀nà àtijọ́ dá anthrax mọ̀ lè wò ó kó sì sọ pé kì í ṣe òun.

Lọ́dún 2017, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ òkú ẹranko tí wọ́n kó jọ fún ọdún 26 wò, wọ́n rí i pé kòkòrò yìí wà nídìí nǹkan bí 40 nínú 100 ikú ẹranko tí wọ́n rí nínú igbó Taï. Kì í ṣe ìnàkí nìkan. Ọ̀bọ wà nínú rẹ̀, ẹtu wà nínú rẹ̀. Wọ́n ṣírò pé bí ó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àwọn ohun mìíràn tó ń pa wọ́n, ìnàkí lè tán pátápátá nínú igbó náà láàárín 150 ọdún. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ikú yìí ti ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ igi, tí kò sí ẹni tó mọ̀, nítorí igbó máa ń jẹ òkú kíákíá. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni pé àwọn kan dúró síbẹ̀, wọ́n ń wá òkú, wọ́n sì ń tọ́jú ègé kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀tẹ̀ náà tún wà ńbẹ̀. Lọ́dún 2021, àwọn onímọ̀ tí Kimberley Hockings ti Yunifásítì Exeter kó sòdí kéde pé ẹ̀tẹ̀ ti wà lára ìnàkí inú igbó ní Cantanhez ní Guinea-Bissau àti ní Taï. Láti ìgbà tí Hansen ti rí kòkòrò ẹ̀tẹ̀ ní Norway lọ́dún 1873, kò tíì sí ẹni tó lè mú un hù nínú àwo yàrá àyẹ̀wò. Bí kì í bá ṣe jínóòmù, kò sí ohun tí wọ́n ì bá fi mọ irú èyí tó jẹ́. Ìgbẹ́ tí àwọn ìnàkí yà sílẹ̀ ní Cantanhez ni wọ́n ṣà, tí wọ́n sì ka kòkòrò náà nínú rẹ̀ láìfọwọ́ kan ẹranko kankan. Ohun tí wọ́n rí ni pé irú tó wà ní Guinea-Bissau yàtọ̀ sí ti Taï: àrùn méjèèjì kò wá láti orísun kan náà, irú méjèèjì kò sì wọ́pọ̀ lára èèyàn. Ẹni tó bá ti fẹ́ sọ pé èèyàn kan ṣoṣo ló kó ẹ̀tẹ̀ wọ igbó, jínóòmù ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Kí ni orúkọ ń ṣe fún ẹni tó ń tọ́jú ẹranko? Ohun púpọ̀. Oògùn tó ń pa bakitéríà kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Bí ẹ̀sùn bá jẹ́ ti ewé olóró, igbó ni wọn yóò gé; bí ó bá jẹ́ ti kòkòrò inú ilẹ̀, omi àti oúnjẹ ni wọn yóò máa ṣọ́. Ó tún kan ọ̀rọ̀ ìdásílẹ̀. Èrò tó wà lẹ́yìn ọgbà ìdáàbòbò ni pé ní ọjọ́ kan, àwọn ẹranko yìí lè padà sínú igbó. Ta ni yóò kó ìnàkí láti ibi tí àrùn tí kò lórúkọ wà lọ sáàárín àwọn tó kù nínú igbó? Láìsí orúkọ, ọgbà di ẹ̀wọ̀n.

Ó sì kan àwa èèyàn. Àwọn àgbà ní ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Nínú gbogbo ẹranko, ìnàkí ló sún mọ́ wa jù. Nǹkan bí 98 nínú 100 DNA wa bá tirẹ̀ mu. Kò tíì sí àkọsílẹ̀ pé Sarcina troglodytae mú ẹnikẹ́ni, a kò sì fẹ́ dá ìpayà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àwọn abúlé tó yí Taï ká, àwọn onímọ̀ ti rí àmì nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn pé wọ́n ti kan kòkòrò tó jọ anthrax ìnàkí yẹn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí anthrax bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ní kí a ṣọ́ra fún pọ̀nmọ́, ẹran ìgbẹ́ àti ẹran gbígbẹ. Kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí, wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn náà ti wà lára ẹran ọ̀sìn ní Ìpínlẹ̀ Niger. Gbogbo ilé ló sọ ọ̀rọ̀ pọ̀nmọ́ nígbà náà. Ìwọ̀nba ló béèrè ohun tó ń lọ nínú igbó.

Igbó tiwa náà kò ṣófo. Irú ìnàkí tó wà láàárín Nàìjíríà àti Cameroon nìkan láyé ni ẹ̀yà tó kéré jù nínú gbogbo ẹ̀yà ìnàkí. Púpọ̀ wọn wà ní Gashaka-Gumti ní Taraba àti Adamawa, ṣùgbọ́n díẹ̀ ṣì kù sílẹ̀ Yorùbá: nínú igbó Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, nínú igbó ọba Ìsẹ̀ ní Èkìtì. Erin ṣì ń rìn nínú igbó ọba Ọmọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, kò sì jìnnà sí Èkó tó bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Níbi tí ẹranko bá ti kéré báyìí, àrùn kan ṣoṣo lè pa gbogbo wọn tán láàárín ẹ̀ẹ̀rùn kan. Bí ẹ̀ṣọ́ igbó bá bá òkú ìnàkí mẹ́ta lábẹ́ igi kan lọ́la, ta ni yóò pè? Ta ni yóò wá, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, ìbomú àti àpótí yìnyín, kí òkú náà tó jẹrà? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí kò gbọdọ̀ jẹ́ pé ká máa wá nọ́ńbà Wisconsin.

A kò sọ pé kò sí ọpọlọ nílé. Ní Ẹdẹ, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni ACEGID wà nínú Redeemer's University, ibùdó tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ń darí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Nàìjíríà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ka jínóòmù kòkòrò náà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà, láàárín ọjọ́ díẹ̀ péré. Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka ìṣègùn ẹranko tó ti ń kọ́ dókítà ẹranko láti ìran dé ìran. Àwọn ẹ̀rọ kan tó ń ka DNA ti kéré débi pé wọ́n gba inú àtẹ́lẹwọ́. Lọ́dún 2015, wọ́n gbé irú rẹ̀ lọ sí Guinea láti ka fáírọ́ọ̀sì Ebola lójú ibi tí àrùn wà. Tí Ẹdẹ bá lè ka kòkòrò tó ti òkè òkun wọlé láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sí ìdí tí kòkòrò inú igbó Ìdànrè yóò fi gba ọdún mẹ́rìndínlógún.

Àwọn kan yóò ní kí ẹ tún inú rò. Ilé ìwòsàn ìjọba kò ní oògùn, ẹ wá ń sọ̀rọ̀ òkú ìnàkí. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ aláìlóye. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní ká ra ẹ̀rọ tuntun fún ìnàkí. Ẹ̀rọ tó ń ka kòkòrò èèyàn náà ló ń ka ti ẹranko. Ẹni tó mọ ọ̀kan lò mọ èkejì lò. Owó tí a ó fi kún un ni owó ọkọ̀ láti igbó, owó yìnyín, owó kẹ́míkà àti owó oṣù ẹni tí yóò lọ. Ó kéré jọjọ sí owó tí àjàkálẹ̀ àrùn kan ṣoṣo ń jẹ.

Àwọn mìíràn yóò ní ewu wà nínú gígé òkú ẹranko. Òótọ́ ni, a sì fara mọ́ ọn pátápátá. Ẹni tó bá ṣí ikùn òkú tí anthrax pa lè kó o fúnra rẹ̀, ó sì lè tú u sínú ilẹ̀ níbi tí yóò ti wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyí tí a kò fi sọ pé kí ọdẹ tàbí ará abúlé fọwọ́ kàn án. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ wọn ni pé kí wọ́n má jẹ ẹ́, kí wọ́n má tà á, kí wọ́n má fà á, kí wọ́n sì ké sí ẹni tó yẹ. Kí ìjọba pèsè ẹni tó yẹ náà.

Ohun tí a ń béèrè kò ṣòro, ìlà márùn-ún ni. Èkíní, kí iléeṣẹ́ tó ń rí sí àyíká ní ìjọba àpapọ̀ àti ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ní igbó ọba yan dókítà ẹranko kan fún igbó kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ògiri ààfin ọba ìlú àti ọgbà ẹgbẹ́ ọdẹ. Èkejì, kí wọ́n kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó bí wọn yóò ṣe ya fọ́tò òkú, bí wọn yóò ṣe kọ ibi tó wà sílẹ̀, àti bí wọn yóò ṣe gba ìgbẹ́ ẹranko sínú ìgò láìfọwọ́ kàn án. Ẹ̀kẹta, kí NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, àti iléeṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn ṣàdéhùn tó wà lákọsílẹ̀ pẹ̀lú àwọn yàrá àyẹ̀wò tó ń ka jínóòmù nílé, kí òkú ẹranko tó ṣọ̀wọ́n ní àyè lórí ìlà bíi ti èèyàn.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ. Àdéhùn CITES, tó ń ṣọ́ òwò ẹranko tó ń run lọ, ní kí ẹ̀jẹ̀ ìnàkí má kọjá ẹnubodè láìgba ìwé àṣẹ, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àdéhùn Nagoya náà ní kí àǹfààní tó bá wá láti ara ohun alààyè wa padà sọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n kí ìwé náà má máa sùn sínú dúrọ́ọ̀ nígbà tí yìnyín ń yọ́. Kí ìjọba yan tábìlì kan tí yóò máa dáhùn láàárín ọjọ́ mélòó kan bí ẹranko bá ń kú. Nígbà tí ohun kan bá sì ní láti lọ sí òkè òkun, kí onímọ̀ ilẹ̀ wa bá a lọ, kí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwádìí náà, kí jínóòmù tí wọ́n bá kà sì wà fún àwa náà láti lò.

Ẹ̀karùn-ún, àwọn ọgbà tó ti ń tọ́jú ẹranko wọ̀nyí, bíi Drill Ranch ní Ìpínlẹ̀ Cross River tó ti wà láti ọdún 1991, kò gbọdọ̀ máa dá ẹrù náà rù. Wọ́n mọ ẹranko kọ̀ọ̀kan ní orúkọ. Wọ́n mọ ọjọ́ tó kọ oúnjẹ àti ọjọ́ tó jí padà. Ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí Owens lè ya àwọn tó ṣàìsàn sọ́tọ̀ sí àwọn tí ara wọn le. Láìsí ìwé tí àwọn olùtọ́jú Tacugama ń kọ lójoojúmọ́, àti láìsí àwọn ègé ẹran ara tí wọ́n tọ́jú sínú yìnyín nígbà tí kò tíì sí ẹni tó mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe, kò sí ẹ̀rọ Amẹ́ríkà kankan tí ì bá rí nǹkan kan kà. Fíríìsà kan pẹ̀lú iná tí kì í kú, ní ọgbà kọ̀ọ̀kan, ni ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ohun tí a ti ń sọ.

Àwọn gómìnà Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀ṣun àti Ògùn lè bẹ̀rẹ̀ èyí láìdúró de Abuja. Igbó wà lọ́wọ́ wọn, Ìbàdàn wà nítòsí, Ẹdẹ wà nítòsí. Bí wọ́n bá jókòó pọ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn kan, tí wọ́n sì fi owó tí kò tó owó ọkọ̀ ọba kan sí i, òkú ẹranko tó bá tún ṣubú nínú igbó wa yóò di ẹ̀rí tí a lè kà kí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ tó dé. A ó máa béèrè lọ́wọ́ wọn títí wọn yóò fi ṣe é.